Ohun Tó Ṣeé Tú Ló Ṣeé Tún Ṣe: Ìtàn Kíbọ́ọ̀dù IBM Àtijọ́ àti Àwọn Tó Ń Sọ Ọ́ Dọ̀tun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ka òwe yìí sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nìkan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ohun èlò náà wà nínú rẹ̀. Kí aṣọ tó di àkísà, ó ní láti kọ́kọ́ pẹ́ lára ẹni tí ó ni ín. Láyé òde òní, ohun èlò tí ó ń pẹ́ tó láti di àkísà kò pọ̀ mọ́. Rédíò bàjẹ́, a sọ ọ́ nù. Fóònù dákú, a ra òmíràn. Kọ̀ǹpútà gan-an, ọdún díẹ̀ ni ó ń lò kí wọ́n tó pè é ní ohun àtijọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà kan wà tí kò gbà láti lọ. Kíbọ́ọ̀dù ni, pátákó tí ó kún fún bọ́tìnnì, tí a ń tẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Lexington, ní ìpínlẹ̀ Kentucky lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1981 sí ọdún 1996, ṣì wà lórí tábìlì àwọn ènìyàn títí di òní. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá wọn wá sáyé ti jẹrà nínú ààtàn láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn sì ń ṣiṣẹ́. Kì í kúkú ṣe pé wọn kò bàjẹ́ rí. Wọ́n bàjẹ́, àwọn kan sì jókòó tì wọ́n, wọ́n tú wọn palẹ̀, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n sì tún wọn ṣe. Ìtàn bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀ ni àròkọ yìí dá lé.

Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe táípúráítà

Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn kíbọ́ọ̀dù kí á má dárúkọ táípúráítà, nítorí òun ni ìyá tó bí i. Christopher Latham Sholes, ará Milwaukee ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọdún 1868. Ilé-iṣẹ́ Remington, tí a mọ̀ mọ́ ìbọn ṣíṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 1874. Ìtò lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q, W, E, R, T, Y, tí gbogbo wa ń lò lónìí, láti ìgbà náà ni ó ti wá.

Ní ọdún 1933, ilé-iṣẹ́ IBM ra ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe táípúráítà oníná. Nígbà tí ó di ọdún 1956, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá kan sí Lexington fún iṣẹ́ táípúráítà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Selectric, tí ó jáde ní ọdún 1961. Bọ́ọ̀lù kékeré kan tí lẹ́tà yí lára ká ni Selectric fi ń tẹ̀wé, dípò ọ̀pá irin kọ̀ọ̀kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ìka wọn mọ bí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣe máa ń dáhùn. Etí wọn náà mọ ìró rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò táípúráítà, ìṣòro kan yọjú. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà kì í gbé òòlù kankan sókè láti lu bébà. Iná mànàmáná ni ó ń ṣí tàbí tí ó ń pa, kò sì nílò láti ní ìró tàbí ipá kankan. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tó ti fi ogún ọdún tẹ táípúráítà fẹ́ kí ìka òun mọ ìgbà tí lẹ́tà wọlé, kí ojú òun lè wà lára ìwé tí òun ń dà kọ. Bí bọ́tìnnì kò bá dáhùn, àṣìṣe á pọ̀, iṣẹ́ á sì falẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ẹ̀lẹ́rọ IBM ṣe wá ọ̀nà tí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà yóò fi máa bá ìka sọ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣe irú kan tí ewé irin pẹlẹbẹ tó tẹ̀ kọrọdọ wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Ó dára lọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni ó ń ná wọn.

Sípíríǹgì tó ń yẹ̀

Ẹni tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni Richard Hunter Harris, ẹlẹ́rọ IBM, tí ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1978. Ọgbọ́n náà kò ṣòro láti yé ọmọ ilé-ìwé. Ẹ mú ẹyọ ọwọ̀ kan, kí ẹ gbé e dúró lóòró lórí tábìlì, kí ẹ sì fi ìka tẹ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dúró gírí, bí ẹni pé kò fẹ́ gbà. Lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan náà, yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà tí ó yẹ̀ yìí kò ṣeé ṣì mọ̀. Ìka gbà á, ojú rí i.

Ohun tí Harris lò nìyẹn. Sípíríǹgì tín-ín-rín kan wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, nínú ihò róbótó kan. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, sípíríǹgì náà á kọ́kọ́ takú, lẹ́yìn náà á yẹ̀ lójijì. Bí ó ti ń yẹ̀, ó ń ti òòlù ike kékeré kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, òòlù náà á sì yí ipò padà pẹ̀lú ìró «ká!». Ìró yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ní àkókò kan náà tí etí gbọ́ ọ, tí ìka sì mọ̀ ọ́n lára, ni lẹ́tà wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rí mẹ́ta ló pàdé ní ojú kan.

Kíbọ́ọ̀dù tí ó kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí ni a mọ̀ sí Model F. Irú rẹ̀ kan bá kọ̀ǹpútà IBM PC jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, bọ́tìnnì 83 sì ni ó ní. Nínú Model F, irin kì í kan irin rárá. Òòlù ike náà jókòó lórí pátákó kan tí wọ́n tẹ ọ̀nà iná sí. Bí òòlù bá yí ipò padà, ìwọ̀n iná tí ojú ibẹ̀ lè gbà mọ́ra á yí padà, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí kíbọ́ọ̀dù á sì ka ìyípadà náà. Nítorí pé kò sí ohun tó ń ha ara wọn níbẹ̀, ó ṣòro kí ó gbó.

Bí wọ́n ṣe to Model F pọ̀ ṣe pàtàkì sí ìtàn yìí. Pátákó irin méjì ni ó di ohun gbogbo mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọ́n kì í lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọn kì í sì í jó wọn pọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń ti ọ̀kan wọ inú èkejì, tí etí irin kéékèèké á sì há a mọ́ra. Ohun tí a bá há lè ṣeé tú. Láàárín pátákó méjèèjì, wọ́n tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ kan tí ó ń mú kí ohun gbogbo fún pọ̀ dáadáa.

Ìdínkù owó àti rífẹ́ẹ̀tì ike

Ọdún 1985 ni Model M dé. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù, òun náà sì ni ó pín bọ́tìnnì bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Bọ́tìnnì 101 ni ó ní: bọ́tìnnì F méjìlá tò sí òkè, bọ́tìnnì ọlọ́fà mẹ́rin wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ti nọ́ńbà sì dá dúró ní ẹ̀gbẹ́. Kíbọ́ọ̀dù tí ó wà ní yàrá kọ̀ǹpútà àwọn ilé-ìwé wa lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwòrán Model M ni gbogbo wọn.

Sípíríǹgì Harris ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni ìsàlẹ̀. Dípò pátákó oníná tó wọ́n, wọ́n fi abala ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sí i. Wọ́n tẹ ọ̀nà iná sára ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ti àárín ni ó yà wọ́n, ó sì ní ihò lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Bí òòlù bá tẹ̀ ẹ́, abala òkè àti ti ìsàlẹ̀ á kan ara wọn nínú ihò náà, iná á sì kọjá. Èyí dín owó kù gan-an.

Wọ́n tún dín owó kù ní ibòmíràn. Pátákó irin òkè ti Model F di ike nínú Model M. Láti so ike yìí mọ́ irin ìsàlẹ̀, wọ́n ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣóńṣó kéékèèké sára ike náà, wọ́n gbà wọ́n inú ihò irin kọjá, wọ́n sì fi iná yọ́ orí wọn kí wọ́n lè fẹ̀ bí orí ìṣó. Rífẹ́ẹ̀tì ike nìyí. Ó yá láti ṣe, kò sì gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi iná yọ́ pọ̀ kò ṣeé tú mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀ ní láti bà á jẹ́ kí ó tó rí i.

Kò yẹ kí á dá àwọn tó ṣe é lẹ́bi jù. Ní ojú wọn, kíbọ́ọ̀dù tó bá lo ọdún mẹ́wàá ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò pé lẹ́yìn ogójì ọdún, ẹnì kan á ṣì fẹ́ fi kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ohun tí ọlọ́jà kò rò ni ó padà ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ọjà dojú rú

Ní àwọn ọdún 1990, kọ̀ǹpútà di ohun tí gbogbo ènìyàn ń rà, iye owó rẹ̀ sì ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn oníṣòwò ń wá ibi tí wọn yóò ti gé owó. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n gé ni kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà rírọ̀ tó rí bí òkìtì kékeré sábẹ́ bọ́tìnnì, dípò sípíríǹgì. Rọ́bà náà ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀: ó ń gbé bọ́tìnnì sókè, ó ń tẹ abala ike, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí ó bá gbó, ìka á máa rì sínú rẹ̀ bí ẹni ń tẹ ẹrẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1991, IBM ta iṣẹ́ tó ń ṣe ní Lexington, ó sì di ilé-iṣẹ́ tuntun tí ń jẹ́ Lexmark. Lexmark ń ṣe kíbọ́ọ̀dù náà lọ títí di ọdún 1996, nígbà tí ó pa iṣẹ́ náà tì. Àwọn kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò jẹ́ kí ó kú pátápátá. Wọ́n ra àwọn ẹ̀rọ ìṣiṣẹ́ náà àti ẹ̀tọ́ láti lò wọ́n, wọ́n sì dá Unicomp sílẹ̀ ní Lexington kan náà. Títí wọ inú àwọn ọdún 2020, Unicomp ṣì ń ṣe kíbọ́ọ̀dù onísípíríǹgì yìí.

Ṣùgbọ́n àwọn ti àtijọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn bá kọ̀ǹpútà ògbólógbòó wọn lọ sí ààtàn. Àwọn mìíràn wà nínú yàrá ẹrù ọ́fíìsì àti ti ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí eruku bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 2000 bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà àti àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í rántí wọn. Wọ́n ń wá wọn kiri ní ọjà àlòkù. Wọ́n á gbé wọn délé, wọ́n á yí ẹ̀yìn wọn wò, níbi tí wọ́n ti lẹ bébà tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe kíbọ́ọ̀dù náà gan-an. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ dọ̀tun

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti ṣí i. Síkúrù mẹ́rin ló di ìdérí Model M mú. Wọ́n wà nínú ihò jíjìn, orí wọn sì jẹ́ onígun mẹ́fà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5.5. Irin ìtú síkúrù tí gbogbo ilé ní kò lè tú u. Ó gba èyí tí ó gùn, tí ẹnu rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kánjú ti fọ́ ìdérí náà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni fífọ̀. Wọ́n á yọ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó wọn sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ó ní ọṣẹ. Lára àwọn Model M tó jáde ṣáájú, ìbòrí tí lẹ́tà wà lára rẹ̀ tún ṣeé ṣí kúrò lórí ẹsẹ̀ bọ́tìnnì. Ìwà rere kan tún wà lára wọn: ike líle tí kì í tètè pọ́n ni wọ́n fi ṣe bọ́tìnnì, wọn kò sì kun lẹ́tà sí ojú rẹ̀. Ooru ni wọ́n fi mú kí àwọ̀ rì wọ inú ike. Nítorí náà, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí ìka ti ń fọwọ́ rá a, lẹ́tà kò parẹ́.

Bí wọ́n bá gbé inú rẹ̀ jáde, wọ́n á rí ohun tó ń dùn ún. Orí rífẹ́ẹ̀tì ike ti ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí ọjọ́ orí. Bí a bá mi kíbọ́ọ̀dù náà, ìró àfọ́kù wọn á máa dún nínú rẹ̀. Bí púpọ̀ bá ti já, ike àti irin á yà síra, òòlù kò ní lè tẹ abala ike dáadáa mọ́, bọ́tìnnì á sì máa rọ̀, tàbí kí lẹ́tà kọ̀ láti wọlé.

Ìwòsàn rẹ̀ ni kí wọ́n ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ kò ṣe. Wọ́n á gé orí gbogbo rífẹ́ẹ̀tì tó kù. Wọ́n á yọ irin ìsàlẹ̀ kúrò, gbogbo òòlù á sì tú sílẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì wọn. Wọ́n á fi dírílì lu ihò tín-ín-rín, tí kò tó mìlímítà 2, sí àárín kùkùté rífẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ibí ni ó gba sùúrù jù. Bí dírílì bá yà díẹ̀, ike tó ti gbó yóò sán. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì tíntìntín, tí fífẹ̀ wọn jẹ́ mìlímítà 2, di ike àti irin pọ̀. Ó lè gba odindi ọjọ́ kan, tàbí méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá parí, ohun tí iná yọ́ pọ̀ ti di ohun tí bóòtù so pọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni lè tú u.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbí. Ẹni tó tún Model M ṣe báyìí kò dá a padà sí bó ṣe wà ní ọdún 1987. Ó mú un sàn ju bó ṣe wà lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ti Model F yàtọ̀. Irin rẹ̀ kì í já, ṣùgbọ́n fóòmù inú rẹ̀ ń jẹrà. Bí wọ́n bá tú u, wọ́n á bá fóòmù náà bí àkàrà tó ti gbẹ, tí ń rún dànù. Wọ́n á ha á kúrò, wọ́n á yọ dógùn-ún tó bá wà lára irin, wọ́n á kùn ún, wọ́n á gé fóòmù tuntun, wọ́n á sì lu ihò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé àwọn tó ṣe é há a ni, tí wọn kò yọ́ ọ pọ̀, kò sí ohun tí wọ́n ní láti fọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Ike ara ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ń pọ́n bí eyín agbémutí bí oòrùn bá ti ń pa á fún ọdún pípẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 2008, àwọn olùfẹ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ rí i pé bí wọ́n bá fi oògùn tí wọ́n ń pè ní hydrogen peroxide pa á lára, tí wọ́n sì gbé e sí oòrùn, àwọ̀ rẹ̀ á padà. Ṣùgbọ́n oògùn náà lè jó ènìyàn lára, kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré. Bí wọn kò bá sì fi pa á dọ́gba, ike náà á ní àbàwọ́n bí ara onílàpálàpá. Àwọn mìíràn ti rí i pẹ̀lú pé pípọ́n náà tún lè padà wá. Ohun tí ọjọ́ bá ṣe, ọjọ́ kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Kí àgbà lè bá ọmọdé sọ̀rọ̀

Bí ara rẹ̀ bá ti yá tán, ìṣòro kan ṣì kù. Kíbọ́ọ̀dù ọdún 1981 kò gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà òde òní. Ìdí okùn rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà tó ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ yàtọ̀. Láti ọdún 1996 ni ìlànà USB ti jáde, ó sì ti gba gbogbo ọjà. Nítorí náà, ó gba ògbufọ̀. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń lo pátákó iná kékeré kan tí kò ju ìka àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n kọ ètò sínú rẹ̀. Ohun tí kíbọ́ọ̀dù bá sọ, ògbufọ̀ yìí á túmọ̀ rẹ̀ sí èdè USB. Àwọn mìíràn á yọ ẹ̀rọ ìdarí àtijọ́ náà kúrò pátápátá, wọ́n á fi tuntun sí i. Ètò tí wọ́n ń lò fún un, bíi QMK, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó sì tún un kọ.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ níbí ni pé kíbọ́ọ̀dù kò mọ lẹ́tà. Bí a bá tẹ A, kì í sọ fún kọ̀ǹpútà pé «A ni». Ohun tí ó ń sọ ni pé «ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì tó wà ní ipò báyìí-báyìí». Kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu lẹ́tà tí ipò náà jẹ́. Lẹ́tà tí a rí lójú bọ́tìnnì, àdéhùn lásán ni. Nítorí náà ni ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdarí tuntun ṣe lè yí iṣẹ́ bọ́tìnnì padà. Model M àtijọ́ kò ní bọ́tìnnì Windows, nítorí a kò tíì dá a sílẹ̀ nígbà náà. Àwọn tó ń lò ó lónìí á sọ Caps Lock, tí wọn kì í sábà lò, di bọ́tìnnì Windows.

Ìjà kan wà láàárín àwọn olùfẹ́ kíbọ́ọ̀dù lórí ibi tó yẹ kí àtúnṣe dé. Àwọn kan gbà pé kí á tọ́jú rẹ̀ bí ó ti wà, nítorí ìtàn ni. Àwọn mìíràn ní ohun èlò ni, kí a sọ ọ́ di ohun tí yóò wúlò fún wa. IBM fúnra rẹ̀ ṣe Model M kúkúrú kan tí kò ní apá nọ́ńbà, tí bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ 84. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n. Nítorí náà, àwọn kan ń fi ayùn gé Model M gígùn kí ó lè jọ kúkúrú. Àwọn olùtọ́jú á ké pé ìwà ìbàjẹ́ ni. Òótọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Bóòtù tí a fi rọ́pò rífẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn lè tú u lọ́la. Ike tí a fi ayùn gé, kò sẹ́ni tí yóò lè dá a padà.

Ẹ, Ọ àti Ṣ ńkọ́?

Kí ni èyí kan ọmọ Yorùbá? Ó kàn án gan-an. IBM ṣe Model M fún oríṣiríṣi èdè: Faransé ní tirẹ̀, Jámánì ní tirẹ̀. Nínú bọ́tìnnì 101 tí Model M Amẹ́ríkà ní, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sì sí àmì ohùn tí a lè fi lé orí lẹ́tà. Ìṣòro náà sì ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 1875 ni wọ́n ti ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ṣe ń kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí táípúráítà gba ọ́fíìsì, ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé àti olùkọ́ Yorùbá ń ṣe ni pé kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ tán, kí wọ́n sì mú kálàmù, kí wọ́n máa fi ọwọ́ sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹni tó bá rẹ̀ á fi àmì sílẹ̀. Bí àmì bá sì ti lọ, igbá á di igba, ọkọ̀ á di ọkọ; òǹkàwé á máa méfò.

Lónìí, lẹ́tà alámì ìsàlẹ̀ wà nínú ìlànà Unicode tí kọ̀ǹpútà gbogbo ń lò, láti ọdún 1993 sì ni. Ètò tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá wà pẹ̀lú. Ohun tí àwọn alátùn-únṣe kíbọ́ọ̀dù fi kún un ni ìgboyà. Wọ́n fi hàn pé ohun tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sójú bọ́tìnnì kì í ṣe òfin. Ẹni tó ti tún Model M ṣe lè ya bọ́tìnnì kan sọ́tọ̀ fún àmì òkè, òmíràn fún àmì ìsàlẹ̀, bí kọ̀ǹpútà tó so ó mọ́ bá ti ní ètò tó mọ̀ ọ́n. Ó tún lè ní kí Unicomp tẹ lẹ́tà tó bá fẹ́ sójú bọ́tìnnì tuntun fún òun, nítorí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù tí a ṣe ní Kentucky ṣáájú kí a tó bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní lè di kíbọ́ọ̀dù Yorùbá.

Ní ìparí, kì í ṣe irin rẹ̀ nìkan ló mú Model F àti Model M dé òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wúwo. Ohun tó mú wọn dé òní ni pé àwọn kan jókòó, wọ́n wádìí bí a ṣe ṣe é, wọ́n sì kọ́ ẹlòmíràn. Ibi tí ilé-iṣẹ́ há irin mọ́ irin, iṣẹ́ wọn rọrùn. Ibi tí ilé-iṣẹ́ fi iná yọ́ ọ pọ̀, wọ́n fi dírílì àti sùúrù ṣí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ra ohun èlò lọ́la, kí ó yí i wò lẹ́yìn kí ó tó sanwó. Bí ó bá rí síkúrù níbẹ̀, ohun náà lè bá a dàgbà. Bí ó bá jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ yíká, kí ó mọ̀ pé ẹni tó ṣe é ti pinnu ọjọ́ ikú rẹ̀ sílẹ̀.